Ibi Tí Iná Bátìrì Náà Ń Lọ

Bátìrì náà tutù. Ohun tó kọ́kọ́ ya Oníná lẹ́nu nìyẹn, kó tó di pé ó fi mítà tó ń wọn iná kàn án rárá. Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ iná alùpùpù mọ̀ pé bátìrì alùpùpù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gùn dé máa ń lọ́wọ́ọ́wọ́, ì báà kú, ì báà yè, torí ẹ́ńjìnì wà nítòsí ẹ̀, oòrùn sì wà lókè. Àmọ́ èyí tó fà yọ lábẹ́ ìjókòó alùpùpù yìí tutù bí òkúta tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ní ìsàlẹ̀ odò. Ó gbé e sórí tábìlì iṣẹ́, ó nu ọwọ́ mọ́ aṣọ, ó tún fọwọ́ kàn án. Ó ṣì tutù.

"Ìgbà wo lo rà á?"

"Kò tíì pẹ́ rárá, Àǹtí," ni ẹni tó ni alùpùpù dáhùn. "Èyí tí mo lò ṣáájú ẹ̀ náà, tuntun ni. Tí mo bá gun alùpùpù kúrò nílé láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán, fèrè ò ní dún mọ́, iná iwájú á pọ́n bí ojú ẹni tó sunkún sùn. Lẹ́yìn náà, ó di kí n máa tì í."

Ọkùnrin náà ò tíì pé ogójì ọdún. Iṣẹ́ páìpù omi ló ń ṣe, Onípáìpù náà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, irú ẹni tó jẹ́ pé tó bá wọlé, àfi kó húkọ́ kí wọ́n tó mọ̀ pé ó ti dé. Oníná wò ó láti òkè délẹ̀. Ó ti ti alùpùpù yìí gun òkè wá láti ìsàlẹ̀ òpópónà, nínú oòrùn tó ń jó èèyàn lẹ́yìn ọrùn, síbẹ̀ òógùn kankan ò sí níwájú orí rẹ̀.

Ó ṣe Oníná bákan, àmọ́ alùpùpù ni wọ́n gbé wá fún un, kì í ṣe èèyàn. Ó mú sípánà.

Obìnrin tó ti lé ní ogójì dáadáa ni Oníná. Òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tí wọ́n ń pè ní Gírísì, ni wọ́n jọ pín ṣọ́ọ̀bù náà sí méjì. Ohun tó bá jẹ mọ́ inú ẹ́ńjìnì, ti àbúrò ni. Ohun tó bá jẹ mọ́ wáyà, ti ẹ̀gbọ́n. Àwọn èèyàn fẹ́ràn iṣẹ́ Oníná, àmọ́ wọ́n tún máa ń sá fún ẹnu rẹ̀, torí obìnrin náà ò lè rí ìdí ọ̀rọ̀ kó má tú u wò. Láti kékeré ni ìyá wọn ti ń sọ ọ́: tí èèyàn bá da ìkòkò dé nǹkan, ọmọ yìí á ṣí i, tí kò bá rí nǹkan kan lábẹ́ ẹ̀, á tún yẹ ìdí ìkòkò wò.

Ó gbé bátìrì náà sórí ṣájà títí tó fi kún, ó dá a padà sí àyè rẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ ìwádìí.

"Ìwọ náà á mọ ọ̀rọ̀ yìí," ó sọ fún Onípáìpù bó ṣe ń tú wáyà. "Inú ẹ́ńjìnì ni orísun wà. Òòfà kan ń yí níbẹ̀, kọ́ìlì ń fi ìyípo yẹn ṣe iná. Iná yẹn á gba inú wáyà aláwọ̀ ìyeyè mẹ́ta yìí lọ sọ́dọ̀ rẹgulétọ̀, òun ló ń bá a wí kó má pọ̀ jù. Ibẹ̀ ló ti ń lọ sínú bátìrì."

"Odò, páìpù, àti táǹkì," ni Onípáìpù wí.

"Ẹ̀n-ẹ́n. Tí táǹkì ò bá wá kún, kí ló fà á?"

"Bóyá odò gbẹ. Bóyá páìpù dí. Àbí táǹkì ń jò."

"O ò bá wá máa bá mi ṣiṣẹ́," ni Oníná wí, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín.

Odò ò gbẹ. Ó fi mítà kan àwọn wáyà aláwọ̀ ìyeyè náà ní méjì méjì nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ké, gbogbo wọn ló ń mú iná jáde bákan náà. Páìpù ò dí. Kí ẹ́ńjìnì tó ṣiṣẹ́, abẹ́rẹ́ mítà dúró díẹ̀ lókè fóltì méjìlá lórí bátìrì. Bó ṣe fún un níná, abẹ́rẹ́ náà gòkè, ó dúró lórí mẹ́rìnlá bí ọmọ gidi. Táǹkì náà ò jò. Ó pa kọ́kọ́rọ́, ó tú ìdí wáyà dúdú, ó fi mítà sáàárín bóyá nǹkan kan ń jí iná mu nígbà tí alùpùpù ń sinmi. Abẹ́rẹ́ ò mira. Ó ha ìpẹtà kúrò níbi tí wáyà ti so mọ́ irin, ó tún gbogbo rẹ̀ dè, ó gun alùpùpù náà fúnra rẹ̀ yí àdúgbò po. Nígbà tó padà dé, bátìrì kún fọ́fọ́, ó sì lọ́wọ́ọ́wọ́ bó ṣe yẹ.

"Kò sí ohun tó ṣe é," ló sọ.

"Kò sí ohun tó ṣe é, ó sì ń kú," ni Onípáìpù wí wẹ́rẹ́. Ó dúpẹ́, ó sì lọ.

Lọ́jọ́ kejì, òun nìyẹn tó tún ń tì í bọ̀.

Oníná ní kó fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí òun lè wò ó. Ní àárọ̀, bátìrì ò dín rárá. Gírísì gùn ún lọ ra epo ẹ́ńjìnì, ó gùn ún padà, bátìrì kún. Ẹni tí nǹkan ṣe ni Onípáìpù. Ẹsẹ̀ ló fi rìn wá gba alùpùpù rẹ̀, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ bí arúgbó, ojú rẹ̀ rí bí eérú, ètè rẹ̀ gbẹ. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di irin ìdarí mú, ó fi ara ti táǹkì epo, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ bí ẹni tó ń yáná.

"Ara ẹ ò yá ni?" ni Oníná béèrè.

"Ó máa ń ṣe mí bẹ́ẹ̀ láàárọ̀, Àǹtí. Tí mo bá ti gùn ún díẹ̀, á lọ."

Nígbà tó kúrò, Oníná ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí. Gírísì rí i.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ ojú yẹn," ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi alùpùpù olóhun sílẹ̀. Wọ́n ní béèyàn bá wádìí ikú tó pa baba ẹ̀ ní àwájù, ikú ọ̀hún á pa òun náà."

"Bàbá wa ṣì wà nílé tí wọ́n ń bá èèyàn jà nítorí ẹran," ni Oníná dá a lóhùn. "Ikú wo ni mo fẹ́ wádìí?"

Àmọ́ ó ti mọ ohun tó kù tí òun ò tíì yẹ̀ wò. Wọ́n ti dán kọ́ìlì wò, wọ́n ti dán rẹgulétọ̀ wò, wọ́n ti dán bátìrì àti wáyà wò. Ẹni tó ń gùn ún nìkan ni wọn ò tíì dán wò.

Nígbà tí Onípáìpù tún tì í dé, Oníná kọ́kọ́ fi ṣájà gba bátìrì náà kún, ó fa wáyà mítà gba abẹ́ ìjókòó wọnú ìdí bátìrì, ó gbé mítà náà dání, ó sì jókòó sẹ́yìn ọkùnrin náà.

"Máa lọ," ló wí. "Bí o ṣe máa ń gùn ún gan-an ni kí o gùn ún."

Wọ́n gba ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń la pákó. Ohun àkọ́kọ́ tí Oníná ṣàkíyèsí ni ẹ̀yìn Onípáìpù. Òtútù ń jáde nínú ẹ̀wù rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn bá dúró ti ìkòkò àmù. Ohun kejì ni abẹ́rẹ́. Bí ẹ́ńjìnì ṣe ń ké sí i, tó yẹ kí abẹ́rẹ́ máa gòkè, ńṣe ló ń sọ̀. Ó kúrò lórí méjìlá. Ó ń sún mọ́ mọ́kànlá. Kò já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan bí ìgbà tí wáyà bá já. Ó ń lọ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí omi inú ife tí ẹnì kan ń fà mu.

Bí abẹ́rẹ́ sì ṣe ń sọ̀, ẹ̀yìn Onípáìpù ń móoru.

Oníná rò pé oòrùn ni. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀yìn ọkùnrin náà bí ẹni tó fẹ́ di nǹkan mú kó má ṣubú. Ó ń móoru lóòótọ́, ooru ara èèyàn, ooru tó ń dàgbà lábẹ́ ọwọ́. Onípáìpù, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin sínú. Ó ń fi orin kékeré kan bá ọ̀nà lọ, ó ń fi ẹ̀rín kí àwọn tó ń kọjá.

"Dúró," ni Oníná wí. "Dúró, jẹ́ kí n sọ̀ kalẹ̀. Ìwọ náà sọ̀ kalẹ̀. Má pa ẹ́ńjìnì."

Ẹsẹ̀ ọkùnrin náà ò tíì kanlẹ̀ tán tí abẹ́rẹ́ fi dìde. Mẹ́tàlá. Mẹ́rìnlá. Ó dúró.

Nígbà tí wọ́n padà dé ṣọ́ọ̀bù, Oníná tú wáyà mítà kúrò lára bátìrì, ó nà án sí Onípáìpù bí ẹni tó ń ṣeré.

"Bá mi di ẹnu méjèèjì yìí mú. Ọwọ́ kan, ẹnu kan."

Ọkùnrin náà dì í mú láìbéèrè. Abẹ́rẹ́ gòkè, ó dúró lórí mẹ́rìnlá. Kò gbọ̀n.

"Ṣé ó dáa?" ni Onípáìpù béèrè.

"Ó dáa," ni Oníná wí. Ó gba wáyà rẹ̀ padà.

Nígbà tó lọ tán, Oníná di ẹnu wáyà náà mú fúnra rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ò dìde. Ó pe Gírísì wá, ó ní kó dì í mú. Abẹ́rẹ́ ò dìde.

"Kí ni ìtumọ̀ ẹ̀?" ni Gírísì béèrè. "Ṣé mo ti kú ni?"

Oníná ò rẹ́rìn-ín. "Rárá," ló wí. "O ò tíì kú."

Ká ní ó dá a dúró níbẹ̀, bóyá ohun tó tẹ̀lé e ò ní ṣẹlẹ̀. Àmọ́ ìwádìí dà bí ẹ̀gún inú àtẹ́lẹsẹ̀, kì í jẹ́ kí olúwarẹ̀ dúró jẹ́ẹ́. Ó rò ó pé tó bá jẹ́ inú ọkùnrin yìí ni iná ń lọ, a jẹ́ pé tí òun bá dí ọ̀nà, iná ò ní rí ibi gbà. Ó gé tíúbù táyà àtijọ́ wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Nígbà tí Onípáìpù tún dé, ó fi rọ́bà wé irin ìdarí, ó fi wé ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, ó fi sí ìdí bóòtù ìjókòó, ó sì fi awọ rọ́bà gbígbòòrò bo táǹkì epo níbi tí orúnkún ń gbá mọ́ ọn. Kò sí ibì kan tí irin ti lè fara kan ara mọ́.

"Kí nìyí fún, Àǹtí?"

"Ìyẹn máa dá a dúró," ni Oníná wí. Inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni tó fẹ́ já ìdí àlọ́.

Lọ́jọ́ kejì, Onípáìpù ò wá. Oníná ń retí rẹ̀, ó ń wo òpópónà. Kó tó di ọ̀sán, obìnrin kan sáré wọlé, teèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, oyún inú rẹ̀ ti tóbi, ó sì fi ọwọ́ kan tì í lábẹ́ bí ẹni tó gbé ẹrù.

"Ṣé ẹ̀yin ni Àǹtí Oníná? Èmi ni ìyàwó Onípáìpù. Kí lẹ fi sí ara alùpùpù ọkọ mi?"

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Bátìrì ò kú," ni obìnrin náà wí. "Ó gùn ún lọ, ó gùn ún bọ̀, bátìrì ò kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde."

Ilé wọn ò jìnnà. Yàrá kan ni, ẹ̀rọ ìránṣọ wà lójú fèrèsé, ègé aṣọ wà nílẹ̀ káàkiri, alùpùpù wà lẹ́nu ọ̀nà. Onípáìpù jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri, ojú rẹ̀ là. Kò ṣẹ́jú. Omi ń jáde lára aṣọ rẹ̀, omi tútù tó ń fi ẹrẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sí orí símẹ́ǹtì, bẹ́ẹ̀ òjò ò rọ̀ láti ọjọ́ yìí. Òórùn odò gba gbogbo yàrá náà. Oníná fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó yára fà á padà. Òkúta ìsàlẹ̀ odò ni.

"Fà á lẹ́sẹ̀," ni Oníná wí. "Rárá, ìwọ má gbé nǹkan. Yà sẹ́yìn."

Ó ki ọkùnrin náà mọ́ abẹ́ apá, ó wọ́ ọ dé ẹnu ọ̀nà. Ó fi ọ̀bẹ tó wà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ ya rọ́bà kúrò lára irin ìdarí, ó ya ti orí táǹkì sọnù, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ Onípáìpù méjèèjì lé irin gbẹrẹfu, ó sì tẹ ẹ́ńjìnì jí. Ẹ́ńjìnì ké. Iná iwájú tàn fòò, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ó pọ́n, ó pọ́n, ó di bí ẹyin iná tó fẹ́ kú. Oníná fún un ní epo sí i. Omi dẹ́kun jíjáde lára aṣọ náà. Àyà ọkùnrin náà gbé, ó sọ̀. Ó ṣẹ́jú.

"Àǹtí," ló wí. "Ẹ kú àárọ̀. Kí lẹ ń wá níbí?"

Ohùn rẹ̀ já gaara, bí ẹni tó sùn gbádùn. Kò mọ nǹkan kan. Ó wo omi ilẹ̀, ó ní àwọn ọmọ àdúgbò tún ti da omi síbẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ fa Oníná lọ sí ẹ̀yìn ilé, níbi okùn ìsáṣọ. Ọ̀rọ̀ ti dé ẹnu Oníná. Gbogbo wa la mọ ọ̀rọ̀ ọ̀hún. Ẹni tó kú níbì kan, tó wá ń gbé ayé rẹ̀ lọ níbòmíràn láàárín àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí: àkúdàáyà làwọn àgbà ń pè é. Wọ́n sì ní lọ́jọ́ tí wọ́n bá là á mọ́ ọn lójú, tàbí tí ẹni tó sin ín bá rí i lójúkojú, ọjọ́ yẹn náà ni yóò lọ, ẹnikẹ́ni ò sì ní rí i mọ́.

"Àǹtí, ẹ má pè é," ni obìnrin náà wí, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọmọ ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. "Ohun tó wà lẹ́nu yín yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e mì."

"O ti mọ̀?"

"Ojú ọ̀nà ni mo ti pàdé ẹ̀, lẹ́yìn òjò ńlá kan. Ó dúró ti alùpùpù yìí, aṣọ ẹ̀ rin gbingbin, ó ní òun ò rántí ibi tí òun ń lọ. Tí mo bá béèrè ilé wọn, kì í bínú. Á kàn máa wò mí bí ẹni tí wọ́n ní kó rọ́ àlá ọjọ́sí." Ó nu ojú. "Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, kò tíì pẹ́ tá a fẹ́ra, mo gbé etí lé àyà ẹ̀. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ó jí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí ni mò ń gbọ́. Mo ní ọkàn ẹ̀ ni. Látìgbà náà, mi ò gbé etí síbẹ̀ mọ́."

"Òun náà mọ̀?"

"Kò mọ̀. Àǹtí, kò mọ̀. Ẹ jẹ́ kó rí ọmọ ẹ̀."

Ìbéèrè tó wà nínú Oníná lọ́jọ́ náà kún apẹ̀rẹ̀. Báwo lẹni tí kò lọ́kàn ṣe ń sọ èèyàn di aboyún? Kí ló dé tó fi jẹ́ iná ló ń mu? Kí ni ọmọ náà máa jẹ́? Ó wo ojú obìnrin náà, ó sì ṣe ohun tí kò ṣe rí láyé ẹ̀. Kò béèrè ẹyọ kan.

Ohun tó ṣe ni pé ó padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó sì jókòó ronú bí oníṣẹ́ iná. Kò sí ohun tó bàjẹ́ lára alùpùpù náà. Ẹrù ló pọ̀ ju agbára lọ. Tí ilé kan bá ní ẹnu tó pọ̀, a kì í dí ẹnu, oúnjẹ là ń fi kún. Ó wá kọ́ìlì tó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó wá rẹgulétọ̀ tó lè gbà á, ó wá bátìrì kejì tí yóò fi sí abẹ́ àpótí irinṣẹ́. Ó ní kí Onípáìpù gbé alùpùpù wá láàárọ̀, kó gùn ún yí àdúgbò po dáadáa kó tó dé, kó wá lọ jókòó sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta páìpù lódìkejì. Ó ṣe iṣẹ́ náà láìgbé orí sókè, torí ó mọ̀ pé ooru ara ọkùnrin náà ń lọ díẹ̀díẹ̀.

Ìgbà tó ń de bóòtù tó gbẹ̀yìn ló rí i pé ẹnì kan dúró lẹ́yìn òun.

Ìyá arúgbó kan ni, ó kéré, ó gbé àpò kan kọ́ apá, eruku ọ̀nà jíjìn wà lára bàtà rẹ̀. Kò wo Oníná. Ẹ̀yìn alùpùpù ló ń wò, níbi tí wọ́n ti fi ègé páànù aláwọ̀ búlúù kan lẹ irin tó ń dí ẹrẹ̀ táyà, èyí tó ti já.

"Ta ló ni èyí?"

"Oníbàárà mi kan ni, màmá."

Ìyá náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka tọ eteetí páànù náà. "Èmi ni mo gé páànù yìí. Ara àpótí mi ni. Ọmọ mi ní kò gún. Mo ní tí kò bá gún, kó fún mi ní páànù mi padà." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ará ilé wa kan tó kọjá níbí ló wá sọ fún mi pé òun rí i lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù kan. Mo ní irọ́ ni. Odò gbé e lọ. Afárá já nínú òjò, odò gbé àwọn méjèèjì. A rí ọmọ. Ọwọ́ èmi yìí ni mo fi nu ẹrẹ̀ lójú ẹ̀. Alùpùpù, àwọn òmùwẹ̀ wá a títí, wọn ò rí i."

Oníná gbìyànjú. "Màmá, páànù ló jọ páànù."

"Ọmọ mi, má wulẹ̀ yọ ara ẹ lẹ́nu." Ìyá náà gbójú sókè, ojú rẹ̀ mọ́ kedere. "Mi ò wá láti rí i. Mo mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí mo bá rí i. Nǹkan kan ṣoṣo ni mo wá béèrè. Ṣé ara ẹ̀ ń móoru? Torí bí mo ṣe fọwọ́ kàn án lọ́jọ́ yẹn, òtútù yẹn ò kúrò lọ́wọ́ mi títí dòní."

Kí Oníná tó dáhùn, ó gbọ́ orin kékeré kan láti òdìkejì òpópónà. Ó wo ẹ̀yìn ìyá náà. Onípáìpù ń sọdá bọ̀, ó ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tí ó ti ń rẹ̀.

"Màmá," ni Oníná wí lábẹ́ èémí, "ó ń bọ̀."

Ìyá náà kò yíjú. Ó rìn lọ síbi àga tó wà nígun ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó, ó kọjú sí ògiri, ó sì fa ìborùn rẹ̀ bo orí títí dé imú.

Onípáìpù wọlé. "Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé ó ti ṣe tán? Òtútù ń mú mi." Ó rí arúgbó tó kọ̀yìn sí i. "Ẹ káàsán o, màmá."

Arúgbó náà fi ọwọ́ méjèèjì di àpò rẹ̀ mú.

"Ọmọ mi, káàsán," ni ìyá náà wí sí ògiri. "Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ."

Onípáìpù ò ṣe àmín. Ó dúró, orí rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tó gbọ́ orúkọ rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú sí igun náà. "Màmá, ohùn yín..." Omi kan jáde ní etí ẹ̀wù rẹ̀, ó kán sílẹ̀.

"Ojú ló ń dùn wọ́n!" ni Oníná wí, ó sì ti fi ọwọ́ gbá a lápá mú. "Ìmọ́lẹ̀ ò bá wọn lára. Wá gun nǹkan ẹ, jẹ́ kí n wo iṣẹ́ mi."

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e jókòó sórí ìjókòó. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ lé irin ìdarí, ó tẹ ẹ́ńjìnì jí. Iná iwájú tàn, funfun, ó sì dúró funfun. Kò pọ́n. Onípáìpù mí kanlẹ̀. Àwọ̀ padà sí ojú rẹ̀, ohun tó fẹ́ rántí sì kúrò níbẹ̀ bí ẹyẹ tó fò lórí òrùlé. Ó ní, "Áà, Àǹtí! Èyí yàtọ̀!" Ó rẹ́rìn-ín bí ọmọdé, ó sì wa alùpùpù náà jáde sí òpópónà.

Ìyá náà ò yíjú. Ó ń gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnì náà bó ṣe ń lọ, tó yà níwájú ilé ẹ̀kọ́, tó ń kéré sí i, títí tí kò fi sí mọ́. Ìgbà náà ló tó ṣí ìborùn. Ojú rẹ̀ kún fún omijé, àmọ́ ohùn rẹ̀ ò mì.

"Ṣé ó sanra?"

Oníná fa àga kan sún mọ́ ọn, ó jókòó. "Ó ń sanra bọ̀, màmá."

"Ṣé ó ń jẹun?"

"Kò fi bẹ́ẹ̀ jẹun. Àmọ́ ó ti rí ohun tó ń jẹ."

"Ṣé ó ní ẹnì kan?"

"Ó ní ìyàwó, aránṣọ ni, ó sì fẹ́ràn ẹ̀. Oyún ẹ̀ ti ga."

Ìyá náà gbé ọwọ́ lé ẹnu. "Ẹ̀rín ẹ̀ tí mo gbọ́ yẹn," ló wí, "kò rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa." Ó tún béèrè, ó tún béèrè: irú ilé tí wọ́n ń gbé, bóyá àwọn aládùúgbò fẹ́ràn rẹ̀, bóyá ó ṣì máa ń gbàgbé láti kí èèyàn tó bá ń ronú. Oníná dáhùn gbogbo rẹ̀. Kò fi ọ̀kan pamọ́, kò sì bi í ní ìbéèrè kankan.

"Ṣé ara ẹ̀ ń móoru?" ni ìyá náà béèrè lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, torí Oníná ò tíì dáhùn ìyẹn.

"Mo gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn ẹ̀ bó ṣe ń gùn ún, màmá. Ó ń móoru."

Ìyá náà mi orí. Ó dìde, ó gbọn ìró rẹ̀, ó gbé àpò kọ́ apá, ó sì lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ilẹ̀.

"Ọ̀nà wo ló gbà lọ?"

Oníná nawọ́ sí ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́.

Ìyá náà yí sí òdìkejì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láìwẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà ilé rẹ̀ kọ́ nìyẹn.